Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé: Ìrírí Mi Pẹ̀lú Àwọn Ayálégbé Tí Alábòójútó Àtijọ́ Fi Sílẹ̀

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ilé kan lé mi lọ́wọ́ láti máa bójú tó, orúkọ mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé àwọn ayálégbé. Fúláàtì 12 ni ilé náà ní, ìwé sì wí pé mẹ́ta ṣófo. Mo kan ilẹ̀kùn àwọn mẹ́ta tó yẹ kó ṣófo yìí, èèyàn sì dáhùn nínú gbogbo wọn. Nínú méjì mìíràn, ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún mi kọ́ ni ẹni tí ìwé dárúkọ. Fúláàtì márùn-ún nìyẹn, tí n kò mọ ẹni tó ń gbé inú wọn, ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Alábòójútó tó ṣíwájú mi kì í gbé ìpè mi. Onílé ní tirẹ̀ ń pè mí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ náà gbà kó tó tán nílẹ̀. Ó kéré tán, mẹ́ta nínú oṣù mẹ́jọ náà, àṣìṣe ọwọ́ mi ló fà á. Nítorí oṣù mẹ́ta yẹn ni mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́tà ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní gan-an ni mo kọ lẹ́tà kan náà sí ilẹ̀kùn márààrùn-ún: ẹ ń gbé ibí láìgbàṣẹ, ẹ kó jáde láàárín ọjọ́ 7. N kò bi lọ́yà kankan. Ọjọ́ 7 yẹn, orí ara mi ni mo ti mú un wá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, màmá àgbàlagbà kan nínú wọn ránṣẹ́ pè mí, ó sì mú àpò ìwé kan jáde. Rìsíìtì 14 ló wà nínú rẹ̀. Alábòójútó àtijọ́ fọwọ́ sí gbogbo wọn, òǹtẹ̀ onílé sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá yìí kò jẹ owó ilé rí. Ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ẹni tí ẹ rán sí wa nígbà yẹn ló gba owó yìí. Àṣẹ wo ni ẹ tún ní n kò gbà?" N kò rí èsì fún un. Ojú tì mí débi pé n kò lè jókòó sórí àga tó gbé fún mi.

Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó mú bírò ni pé ọwọ́ onílé ni alábòójútó jẹ́. Ẹni tó bá bá a ṣe àdéhùn láìní ìdí kankan láti fura, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè máa ń ka ohun tí alábòójútó ṣe fún un sí ohun tí onílé fúnra rẹ̀ ṣe, kódà bí owó náà kò bá dé àpò onílé. Ẹjọ́ tó kù di ti onílé àti alábòójútó tó kó owó náà lọ; ẹni tó sanwó kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń há onílé lọ́fun, ó sì há èmi náà. Inú ń bí mi sí ẹni tí n kò rí, mo wá ń gbé ìbínú náà lé àwọn tí mò ń rí lójoojúmọ́. Lẹ́tà mi yẹn, tó wà nínú àpò màmá títí dòní, ni ẹ̀rí tó le jù lọ tí ẹnikẹ́ni ní sí wa.

Orúkọ kan ṣoṣo tí mo fún àwọn márààrùn-ún, "àwọn tí kò gbàṣẹ", ti bo ọ̀rọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́lẹ̀. Ti màmá ni mo sọ yìí: alábòójútó fi í sílé, ó gbowó rẹ̀, kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún onílé. Nínú ilé kejì, ayálégbé tí ìwé dárúkọ ti kó lọ, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, owó sì ń wọlé déédéé lórúkọ ẹ̀gbọ́n. Nínú ìkẹta, ayálégbé gidi wà láyé, ìwé àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ń gbé. Ìdílé méjì ló kó sínú fúláàtì náà, owó tó ń gbà lọ́wọ́ wọn sì ju èyí tó ń san fún wa lọ. Nínú ìkẹrin, ọkùnrin tó máa ń tún páìpù ilé ṣe ni wọ́n ní kó máa gbé ibẹ̀ dípò owó iṣẹ́, láìkọ ohunkóhun sílẹ̀. Ẹni karùn-ún nìkan ni ẹnikẹ́ni kò gbà láàyè: ó rí ilẹ̀kùn tí kò ní àgádágodo, ó wọlé, ó jókòó.

Ọ̀nà tí ẹ máa gbà bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lò yàtọ̀. Pẹ̀lú ìdílé méjì yẹn, kò sí àdéhùn kankan láàárín àwa àti wọn. Ayálégbé tó yá wọn nílé ni àdéhùn so mọ́ wa, orúkọ tirẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ìkìlọ̀. Pẹ̀lú oníṣẹ́ páìpù, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá iṣẹ́ náà ṣì ń lọ, ta ló dá a dúró, kí ló kù tí wọ́n jẹ ẹ́. Ẹni tí ọjọ́ àdéhùn rẹ̀ ti kọjá tó ṣì ń gbé ilé náà kò dà bí ẹni tó já wọlé, adájọ́ kò sì ní wò wọ́n bákan náà.

Lẹ́yìn tí mo ti dọ́gbẹ́ sílẹ̀ tán ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ ìwé ìbéèrè ojú-ewé kan, mo fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀kùn méjèèjìlá, tó fi mọ́ àwọn méje tí ìwé wọn pé. Bó ṣe jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló gbà á, kò sẹ́ni tó rò pé òun nìkan ni a dájú sọ, ìdáhùn sì wọlé. Ohun tí mo béèrè nìwọ̀nyí: orúkọ gbogbo àgbàlagbà tó ń gbé inú ilé, iye ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ẹni tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ àti iye kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún, iye rẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà san án, owó tí wọ́n fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́, àti ẹni tó gbà á, nọ́ńbà mítà iná, àtúnṣe tí wọ́n ti béèrè fún tí a kò ṣe. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ owó máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò, níbi tó bá sì ti ń sọ ọ́ ló ti máa ń dárúkọ ẹni tó mú un wọlé àti ọdún tó wọlé.

Nísàlẹ̀ ìwé náà mo kọ ọ́ gbàgàdà pé bíbéèrè ìbéèrè yìí kì í ṣe gbígbà pé ẹni tó dáhùn ti di ayálégbé, kì í sì í ṣe ìwé pé kó kó jáde. Lọ́yà ló fún mi ní gbólóhùn náà. Mo ya àwòrán rìsíìtì tí wọ́n bá mú wá, mo sì dá ojúlówó rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gba ojúlówó ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá sọnù lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni ẹ jí i.

Bí ẹ bá fẹ́ wo inú ilé, ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ẹ lọ ní ojúmọmọ, kí ẹ jẹ́ méjì, kí ẹnì kan máa kọ ohun tí ẹ rí. Òfin ìbòmíràn sọ iye wákàtí tí ìwé náà gbọ́dọ̀ fi ṣáájú yín, ẹ béèrè. Bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kò bá sí nílé, ẹ padà. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe àṣẹ láti wọlé. Àwọn àmì tó jẹ́ kí n mọ ilé tí èèyàn ti pọ̀ jù nìwọ̀nyí: pákó tí wọ́n fi dá pálọ̀ sí méjì, àgádágodo lára ilẹ̀kùn yàrá inú, ààrò nínú yàrá ibùsùn, waya iná tó gba ojú fèrèsé kọjá sí fúláàtì kejì, lẹ́tà tó ń wọlé lórúkọ mẹ́rin. Omi tí ilé kan ń lò náà máa ń sọ̀rọ̀, bí mítà omi bá wà.

Nínú fúláàtì tí ìdílé méjì pín, pákó tí wọ́n fi dá yàrá náà ti dí fèrèsé kan ṣoṣo tí èèyàn lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ̀rọ ìdáná méjì àti fíríìjì sì wà lórí okùn iná kan. Lọ́jọ́ yẹn, n kò ronú ẹni tó gbàṣẹ àti ẹni tí kò gbà. Mo pe oníṣẹ́ iná kí ilẹ̀ tó ṣú, a sì fi ìwé sọ fún wọn pé pákó náà gbọ́dọ̀ kúrò lójú fèrèsé. Onílé ní bí a bá tún nǹkan ṣe fún wọn, ṣe la ń fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ilé náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá jó èèyàn nínú ilé tí ẹ mọ̀ pé ó léwu, ìwé tó sọ pé ẹni náà kò gbàṣẹ kò ní gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nítorí ewu ni. Ẹ sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ̀ pé iye èèyàn tó wà nínú ilé kò bá èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé mu, nítorí wọ́n lè torí ẹ̀ kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí àdánù bá dé.

Àṣìṣe kejì ló dùn mí jù. Mo gba owó. Àkáǹtì tí onílé ń lò kò yí padà, nígbà tí oṣù tuntun wọlé, owó kan wọ ibẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀kan nínú ìdílé méjì yẹn, lórúkọ ara rẹ̀, iye tó pé. Inú mi dùn pé ẹnì kan sanwó. Mo fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsọ nǹkan kan. Nígbà tí lọ́yà rí i, ó ní, "Ẹ mọ ẹni tó jẹ́, ẹ mọ̀ pé àdéhùn kò sí, ẹ gba owó ilé rẹ̀, ẹ sì dákẹ́. Adájọ́ lè sọ pé ẹ ti gbà á ní ayálégbé." Bí a ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sọ ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan lọ́dọ̀ wa di ẹni tó lè bá wa ṣẹjọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ṣí àkáǹtì tuntun lọ́jọ́ tí ẹ bá gba ilé, kí ẹ sì máa wo ti àtijọ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Owó tó bá wọlé láti ọwọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì sínú àkáǹtì tó ti wá, pẹ̀lú lẹ́tà tó sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí pé ẹ dá a padà. Ní àwọn ibì kan, òfin gbà kí onílé gba owó gẹ́gẹ́ bí iye ọjọ́ tí wọ́n fi lo ilé rẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ owó ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé kí owó tó wọlé. Ẹ má kọ rìsíìtì tí ẹ ń kọ fún àwọn ayálégbé yòókù fún un. Ẹ fi owó náà sí ojú ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ìṣirò.

Bí mo ṣe ń bá owó tó wọlé jà, owó mìíràn ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Alábòójútó àtijọ́ tí kì í gbé ìpè mi ṣì ń pe àwọn ayálégbé. Ẹni méjì sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn san owó fún un. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé àṣẹ rẹ̀ ti parí. Lẹ́tà tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde nìyí, ṣáájú ìwé ìbéèrè pàápàá: onílé fúnra rẹ̀ ni kó fọwọ́ sí i, kó dárúkọ alábòójútó àtijọ́, kó sọ ọjọ́ tí àṣẹ rẹ̀ parí, kó dárúkọ ẹni tuntun àti àkáǹtì tuntun, kó sì sọ pé owó tí wọ́n san fún ti àtijọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gba lẹ́tà yìí kò ní jẹ́ owó ilé mọ́. Ẹ fi lé ọwọ́ wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ pàápàá ṣì wà lọ́wọ́ alábòójútó àtijọ́. A pààrọ̀ ti géètì, ti yàrá mítà àti ti ìdí àkàbà. Gbogbo ẹni tó ń gbé ilé ló gba kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́jọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀, títí kan ẹni tó já wọlé, nítorí ẹni tí ẹ bá fò, ẹ ti tì í síta nìyẹn, ẹjọ́ mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹta, sùúrù onílé tán. Ó ní kí n gé iná ẹni tó já wọlé, kí n yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sùn. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kọ lẹ́tà sí i, n kò pè é lórí fóònù. Mo ṣàlàyé pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, gígé iná tàbí omi, pípààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, yíyọ ilẹ̀kùn, kíkó ẹrù ẹni síta láìsí àṣẹ kóòtù, ẹ̀ṣẹ̀ ni, bó ti wù kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ṣàìní ẹ̀tọ́ tó; onílé tó jàre lè jáde nílé-ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó máa san owó ìtanràn. Ní irú ibẹ̀, òṣìṣẹ́ kóòtù tó mú ìwé adájọ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè mú èèyàn jáde. Lọ́yà rẹ̀ ka lẹ́tà náà, ó sì bá mi sọ ọ́ fún onílé. Bí ẹ bá jẹ́ alábòójútó, ẹ fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé, kí ó má baà di pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ dá ìpinnu náà ṣe.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yanjú: màmá fọwọ́ sí àdéhùn tuntun. A bi í ní gbogbo ohun tí a máa ń bi ayálégbé tuntun, a yẹ yàrá wò yí ká, a ya fọ́tò, a kọ ọjọ́ tí àdéhùn bẹ̀rẹ̀, gbogbo àgbàlagbà inú ilé sì fọwọ́ sí i, òun nìkan kọ́. Ti àbúrò yẹn fẹ́ àkíyèsí díẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un ní àdéhùn tuntun nígbà tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì parí, fúláàtì kan ì bá sì ti di ti èèyàn méjì. Ẹ̀gbọ́n ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé pé òun ti dá ilé padà, kí onílé fọwọ́ sí i, kí ẹ tún parí ọ̀rọ̀ owó tó fi sílẹ̀, kí ẹ tó kọ ti àbúrò. Oníṣẹ́ páìpù gba owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ ẹ́ àti ọjọ́ 60 nínú ìwé, ó sì kó lọ ṣáájú ọjọ́ náà.

Ìdílé kan nínú méjì gbà láti kó jáde bí a bá ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú owó ìkólọ. Onílé bínú pé kí ló dé tí òun á fi sanwó fún ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Nígbà tí a ṣírò owó lọ́yà àti iye oṣù tí fúláàtì náà máa fi wà láìmówó wọlé, ó gbà. Irú àdéhùn yìí máa ń bàjẹ́ níbi kan ṣoṣo: bí ẹ bá sanwó ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, ẹ kọ ọ́ pé ilé gbọ́dọ̀ ṣófo, pé gbogbo àgbàlagbà fọwọ́ sí i, pé owó máa wọlé lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti rìn gbogbo yàrá tán tí kọ́kọ́rọ́ sì ti pé. Lọ́jọ́ náà, kí owó ti wà ní sẹpẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n dúró, wọ́n á dá ẹrù padà sínú ilé, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ayálégbé tó yá wọn nílé àti ẹni tó já wọlé ló dé kóòtù, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣe àṣìṣe kẹta. Mo ṣírò ọjọ́ ìwé ìkìlọ̀ láti ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni òfin wa ń kà, ìkìlọ̀ ayálégbé sì gbọ́dọ̀ parí ní òpin ìgbà owó ilé, kò gbọdọ̀ parí láàárín rẹ̀. Mo tún ṣi álífábẹ́ẹ̀tì kan kọ nínú orúkọ ayálégbé náà. Adájọ́ ka ìwé náà, ó wò mí, ó ní kí n lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ìyẹn gbà. Oṣù méjì ni àtúnbẹ̀rẹ̀ náà gbà wá. Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà nínú àdéhùn, kí ẹ fi "àti gbogbo ẹni tó ń gbé inú fúláàtì náà" kún un, ẹ kọ nọ́ńbà fúláàtì, ẹ kọ ìdí, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ṣírò ọjọ́. Ọ̀nà tí òfin ibi tí ẹ wà fọwọ́ sí ni kí ẹ gbà fi jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ fóònù kò tó. Kí ẹlẹ́rìí wà.

Ohun tó gbà wá sílẹ̀ nígbà tí a padà sí kóòtù ni ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ṣí fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, wákàtí, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ, nọ́ńbà fọ́tò. Mo máa ń kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, láìbú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nítorí ojú kóòtù ni wọn yóò ti padà kà á.

Ẹni tó já wọlé fi bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti àpò ìwé kan sílẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ kóòtù mú un jáde. A kò dà á nù. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, a tì í mọ́ yàrá kan, a fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé kó wá kó o láàárín iye ọjọ́ tí òfin sọ. Ó wá. A ka mítà, a kọ ọ́ sílẹ̀.

Owó tí màmá àti àwọn yòókù fi sílẹ̀ nítorí ìbàjẹ́ ilé kò tíì padà wá láti ọwọ́ alábòójútó àtijọ́. Lọ́yà onílé ló ń bá a lọ. Àwọn ayálégbé kò pàdánù rẹ̀, onílé ló gbé e.

Ní báyìí, kí n tó gba ilé kankan, mo máa ń ní kí onílé dá owó iṣẹ́ ìkẹyìn alábòójútó tó ń lọ dúró títí a ó fi rin ilé náà, ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ó kọ orúkọ ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn, nọ́ńbà mítà, iye kọ́kọ́rọ́, owó tó fi sílẹ̀ àti ibi tó wà, a ó sì fọwọ́ sí i lórí ìjókòó kan. Ilẹ̀kùn tí alábòójútó tó ń lọ bá ní "ó ṣófo", ó gbọ́dọ̀ ṣí i kí n fojú mi rí i.